Ọmọ Ènìyàn Wo Ló Fà Á?

Ẹ bá mi dá sí i o, ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí ẹnì kan lè gbé mì. Ní Èjìgbò tiwa níbí (Èjìgbò ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo wí o, ìlú Ògìyán, kì í ṣe Èjìgbò ti Èkó tí àwọn tírélà elépo ń tò sí), ọ̀rọ̀ kan wọ̀lú tí kò jẹ́ kí ara ó rọ mẹ̀kúnnù mọ́. Àyípadà ojú ọjọ́ ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni tó ń sọ ọ́ bá wá kàwé díẹ̀, á fi ìrù sí i, á ní, "Àfọwọ́fà ọmọ ènìyàn ni." Nígbà tó bá sì ń pe "ọmọ ènìyàn" yẹn, èmi ni á máa wò.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Èmi ò sọ pé ojú ọjọ́ ò yí padà. Ẹni tó bá ń jiyàn ìyẹn, kó lọ bi àwọn àgbẹ̀ Ìsúndunrin àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Àkọ́rọ̀ á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ayé á gbé ọkọ́, wọ́n á gbin àgbàdo. Òjò á wá gbàgbé ọ̀nà, àgbàdo á hù tán, á gbẹ mọ́lẹ̀, wọ́n á tún lọ ra irúgbìn mìíràn. Nígbà tí òjò náà bá sì máa padà, á fi ìbínú dé. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ohun tí mò ń bá jà ni ìlò tí wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ náà. Ó ti di àwíjàre fún ẹni tó jẹ̀bi, ó sì ti di ẹ̀sùn lọ́rùn ẹni tí kò ní alágbàwí.

Ẹ wo ọjà. Mo lọ ra ata rodo. Agolo tí ìyá aláta fi ń wọn ata, wọ́n ti fi òòlù tẹ ìdí rẹ̀ wọnú títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ẹnu. Mo ní, "Ìyá, ata yìí mà kéré o."

Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Àyípadà ojú ọjọ́ ni."

Mo gbé agolo sókè, mo wo ìdí rẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ṣé ojú ọjọ́ ló na agolo yìí ní òòlù ni?"

Ó ní bí n kò bá rà, kí n má dí òun lójú ọjà. Mo rà á. Kí ni n ó ti ṣe?

Télọ̀ tó gba aṣọ Iléyá lọ́wọ́ wa, tí Iléyá dé tí aṣọ ò dé, ojú ọjọ́ ló tì í sí lọ́rùn. Onílé tó dín símẹ́ńtì kù nígbà tó ń kọ́lé, tí ògiri wá sán láti òkè délẹ̀, ó pe àwa ayálégbé jọ, ó ní ayé ń gbóná. Agbaṣẹ́ṣe kan ṣe afárá kékeré kan ní agbègbè wa, òjò tó tẹ̀ lé ṣíṣí rẹ̀ gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká, ó ní kí a má gbàgbé pé àyípadà ojú ọjọ́ kò mọ ààlà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́! Irin tó yẹ kó wà nínú kọnkéré, a ò rí i, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè rẹ̀. Ẹ wá wo gọ́tà tí náílọ̀n píọ̀ wọ́tà dí lẹ́nu, tí omi fi ya wọ yàrá. Ìyẹn ni àfọwọ́fà gidi, ẹni tó ju náílọ̀n náà kò ju ilé kẹta lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wọn kì í ti í lo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n á ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni.

Èmi, iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni mò ń ṣe. Mò ń tún un ṣe, mo sì ń bá wọn wá ẹ̀yà ara rẹ̀. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé gbé tirẹ̀ wá, èyí kékeré. Mo tú kábúrétọ̀, mo rí omi nínú epo, mo fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, mo nu plọ́ọ̀gì, mo fà á. Ó jẹ́. Ṣùgbọ́n rínngì rẹ̀ ti jẹ tán, ó ń mu ọ́ìlì, nítorí náà èéfín tó tú jáde kò kéré. Dókítà fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi bo imú, ó ní, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé ẹ mọ̀ pé anthropogenic ni gbogbo èyí?"

Ọmọọṣẹ́ mi, tí etí rẹ̀ máa ń yá sí ọ̀rọ̀ owó, ti nu ọwọ́ nù. Ó ní, "Ọ̀gá, kò sí ní Èjìgbò níbí o. Kí n wọkọ̀ lọ wò ó ní Òṣogbo?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fi sùúrù là á yé wa pé kì í ṣe ẹ̀yà ara jẹnẹrétọ̀, pé ohun tí ọwọ́ ènìyàn bá fà sí ilẹ̀, omi àti ojú sánmọ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Mo ní, "A dúpẹ́, Dókítà. Ènìyàn wo?"

Ó ní, "Gbogbo wa ni."

Ó san owó, ó gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn jíìpù onísílíńdà mẹ́fà, ó lọ. "Gbogbo wa" yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo wá ní kí n wádìí ọ̀rọ̀ yìí, kí n mọ ẹni tó bí i. Háà! Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ gan-an kò fẹnu kò síbì kan. Ní 1992, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé pàdé lábẹ́ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè ní Rio de Janeiro, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn lórí ojú ọjọ́. Nínú àdéhùn yẹn, bí wọ́n bá pe àyípadà ojú ọjọ́, èyí tí ọwọ́ ènìyàn fà nìkan ni wọ́n ń wí, yálà ó fà á tààrà tàbí ó gba ẹ̀bùrú. Èyí tí ojú ọjọ́ ń ṣe fúnra rẹ̀ láti ìwáṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n IPCC, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 lábẹ́ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè kan náà, ní tiwọn, àyípadà yòówù tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, ìbáà jẹ́ àfọwọ́fà, ìbáà jẹ́ ìṣe ọjọ́, orúkọ yẹn náà ni wọ́n fún un. Agbo ilé kan, ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì. Ẹ wá fẹ́ kí ìyá aláta mọ èyí tí yóò mú?

Lórí ẹni tó fa ti ayé ìsinsìnyí, ẹnu wọn kò. IPCC sọ ọ́ ní 2021 pé kò sí iyèméjì mọ́, ọwọ́ ènìyàn ló mú ojú sánmọ̀, òkun àti ilẹ̀ gbóná sí i. Kí àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú ilẹ̀ ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá, carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan. Lónìí ó ti ju 420 lọ. Òun ló ń dá ooru dúró tí kò jẹ́ kó ráyè padà sókè. Mo gbà. N kò bá onímọ̀ jiyàn lórí iṣẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́ kí onímọ̀ má bá mi jiyàn lórí kábúrétọ̀.

Ìṣirò ni kí ẹ bá mi ṣe. Bí a bá pín carbon dioxide tí Nàìjíríà ń tú jáde lọ́dún fún gbogbo wa lọ́gbọọgba, ti ẹnì kan kò ju nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù lọ. Ti ará Amẹ́ríkà kan tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 14. Ó ju ogún ọmọ Nàìjíríà lọ tí yóò kó ara wọn jọ kí wọ́n tó bá ẹyọ ará Amẹ́ríkà kan dọ́gba. Nínú ogún yẹn náà, ẹ kọ́kọ́ yọ ti oníjíìpù, ẹ yọ ti ọkọ̀ òfurufú àwọn olóṣèlú, kí ẹ wá wo èyí tó ṣẹ́kù fún èmi àti ọmọọṣẹ́ mi. Lítà bẹntiróòlù kan ń bí carbon dioxide tó kìlógíráàmù méjì lé díẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú ní Èjìgbò? Àwọn tí mo tún ṣe wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wọn, aláǹgbá ń sùn lórí wọn. Bí ẹ̀bùn bá wà fún ìlú tó dín èéfín kù láìfẹ́, kí wọ́n gbé e wá fún wa.

Ẹ sì wo ti àwọn àgbà èéfín. Ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin ní 1979 lórí gáàsì tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ń sun ní Niger Delta, gbèdéke rẹ̀ sì ni January 1, 1984. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ti lé ní ogójì ọdún, iná ò kú. Ní November 2005, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin City dájọ́ pé sísun gáàsì náà lòdì sí òfin àti sí ẹ̀tọ́ àwọn ará ibẹ̀. Iná tún ń jó. Kò sí ẹni tó gbé áńkáṣíìfù bo imú lọ bá iná yẹn pé anthropogenic ni. Ìsọ̀ mi ni wọ́n mọ̀ ọ́n yà sí.

Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ fi orúkọ wa sọ ayé. Ní 2000, Paul Crutzen, onímọ̀ kẹ́míkà ará Netherlands tó gba ẹ̀bùn Nobel, àti Eugene Stoermer ará Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a máa pe ìgbà tí a wà yìí ní Anthropocene, ìyẹn ìgbà ọmọ ènìyàn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti òkúta yan ìgbìmọ̀ lórí rẹ̀ ní 2009. Ní 2023, ìgbìmọ̀ mú adágún Crawford ní Kánádà, wọ́n ní ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí, nítorí eruku bọ́ǹbù átọ́míìkì ti ọdún 1950 sókè wà nínú rẹ̀. Ó wá rí bí ìkómọ tí oyin, iyọ̀ àti obì ti wà nílẹ̀, tí ẹbí ti jókòó pé, tí àwọn àgbà ilé wá dìde pé àwọn ò fọwọ́ sí orúkọ. Ní March 2024, àwọn àgbà nínú ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta dìbò, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ máa pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́nu lè máa pè é, ṣùgbọ́n kò ní wọ ìwé.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ gbà pé bọ́ǹbù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ará Ìsúndunrin wo ló ju bọ́ǹbù? Ní February 13, 1960, Faransé yìn ín ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà ilẹ̀ Algeria, apá ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa. Wọ́n tún yin òmíràn, wọ́n tún yin òmíràn, títí Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira fi lé aṣojú Faransé kúrò nílùú ní January 1961. Ṣé ẹ rí i? Àwọn àgbà wa ìgbà yẹn kò sọ pé ọmọ ènìyàn ló ju bọ́ǹbù. Wọ́n dárúkọ, wọ́n sì nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ilẹ̀ wa níbí gan-an. Ẹ jáde ní Èjìgbò, kí ẹ kọjú sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Koríko tó ga ju orí lọ ni ẹ ó máa rí, igi igbá níhìn-ín, ẹmi lọ́hùn-ún, ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan, igbó ṣíṣú díẹ̀ létí odò. Àwọn onímọ̀ ewéko ní kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní òjò tó ń rọ̀ síbí lọ́dún ju mìlímítà 1,000 lọ, ó tó gbé igbó dúró, àmọ́ àdá àti iná àwọn baba wa ló sọ igbó di ọ̀dàn. "Derived savanna" ni wọ́n kọ sínú ìwé fún un. Ẹ gbọ́, òyìnbó kan, R. W. J. Keay, tó ṣiṣẹ́ ìmọ̀ igbó ní Nàìjíríà, gbé àkọlé kan jáde ní 1959 tó ń béèrè pé láti inú kí ni ọ̀dàn yìí gan-an ti wá. Ẹni tó mọ igi wa lórúkọ ṣì ń béèrè, oníjíìpù ti dájọ́.

N kò ní ṣèké o. Iná ń jó ilẹ̀ wa. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí koríko ti gbẹ, ẹ ó kàn rí èéfín lókè. Bí ẹ bá bi ọdẹ, á ní òun kọ́, òun kì í sun igbó nítorí ọ̀yà, darandaran ló ń wá koríko tútù. Darandaran á ní àgbẹ̀ tó ń ṣán oko ni. Àgbẹ̀ á búra pé ẹni tó wà nínú mọ́tò ló ju ìdí sìgá sílẹ̀. Awakọ̀ á ní bóyá oòrùn ló ràn án. Oko kajú olóko á ti jó tán kí wọ́n tó parí ìbúra. Àfọwọ́fà ni, gbogbo wa mọ̀. Ọwọ́ náà ni a kì í rí. Ẹni tó ń jó igi ṣe èédú tà náà ń bẹ níbẹ̀, ó sì mọ ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá wa wí lórí ìyẹn, ẹ wá, ẹ jókòó, a ó gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ apá kejì, èyí tí wọn kì í sọ nípàdé. Ní Kissidougou ní ilẹ̀ Guinea, ó lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń pariwo pé àwọn ará abúlé ti pa igbó run, pé agbo igi tó yí abúlé kọ̀ọ̀kan ká ni àjẹkù igbó ńlá. Wọ́n bu owó ìtanràn fún wọn nítorí iná. Àwọn onímọ̀ méjì, James Fairhead àti Melissa Leach, wá dé, wọ́n wo àwòrán tí wọ́n ti òfurufú yà ní 1952, wọ́n fi wé ti ìgbà tiwọn, wọ́n sì fetí sí àwọn àgbà ibẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, igi ti pọ̀ sí i! Àwọn ará abúlé tí wọ́n ń bá wí ló gbin agbo igi náà sórí ọ̀dàn, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ní 1996. Àfọwọ́fà nìyẹn náà, àbí kí ni? Igi ọdán tó ń ṣíji bo ọjà wa, ṣé ẹyẹ ló kó gbogbo rẹ̀ gbìn ni? Mo ń dúró de ọjọ́ tí ẹnì kan yóò fi ọ̀rọ̀ ńlá yẹn yìn wá.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé inú ẹbí. Ẹ mọ̀ pé kò sí agbo ilé ní Èjìgbò tí kò ní èèyàn ní Àbíjàn. Àbúrò bàbá mi kan ti ibẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da Faransé sí wa lára nípàdé ẹbí, pé "changement climatique", àyípadà ojú ọjọ́ yẹn náà, ni kò jẹ́ kí òun rí owó fi ránṣẹ́. Mo ní, "Bàbá kékeré, ẹ ṣàlàyé fún wa." Ó ní igbó Côte d'Ivoire ti lọ. Òtítọ́ ló sọ: láti ìgbà tí wọ́n ti gbòmìnira ní 1960, èyí tó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún igbó wọn lọ ti pòórá, kòkó ló gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló jẹ kòkó náà. Gbogbo ẹbí dákẹ́. Ní Côte d'Ivoire, ẹni tó ń ṣa kòkó lóko kì í sábà rí ṣokoléètì fi ẹnu kàn. Ṣokoléètì náà wà ní Jámánì, ó wà ní Swítsálándì, tí wọ́n fi bébà dídán wé e. Àgbẹ̀ tó gé igi àti ọmọdé tó ń lá ṣokoléètì ní Berlin, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ nínú ìwé: ọmọ ènìyàn. Bàbá kékeré ní òun ò wá fún ìdánwò. Owó tí wọn ò fi ránṣẹ́, a ò rí i títí dòní.

Nílé náà, ẹ wo odò Ọ̀ṣun, tí omi rẹ̀ pọ́n bí ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé ní 2005, omi pípọ́n yẹn ló ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn olùjọsìn tó ń pọn ún mu ni wọ́n ń kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má mu ún mọ́. Ẹni tó ń ra góòlù náà, ẹ̀rù ń bà wọ́n láti kìlọ̀ fún un.

Èmi ò sọ pé kí a má lo ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ tì í lẹ́yìn ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin oníròyìn rédíò, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ sọ pé ènìyàn ló fà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ilé-iṣẹ́ wo, orílẹ̀-èdè wo, agbaṣẹ́ṣe wo, ọdún wo. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ wọn èéfín mi, kí ẹ sọ iye rẹ̀, n ó gba ẹ̀bi tèmi, n kò ní gba ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ẹni tó bá sì ní jẹnẹrétọ̀ tó ń mu ọ́ìlì, kó gbé e wá. Owó rínngì ti lọ sókè sí i láti oṣù tó kọjá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: kì í ṣe ojú ọjọ́ ló fà á, dọ́là ni.